Ayọ̀ Bánkọ́lé: Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ orin dé Cambridge, tó sì padà wá kọ́ ọmọ ilé-ìwé l'Ékòó

Tí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ìrọ̀lẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ mọ́ ní agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá gba Ìgbógbó kọjá, tàbí tó wọkọ̀ láti Ìmọ̀ta lọ sí Ẹ̀pẹ́, á máa gbọ́ ohùn àwọn akọrin tí wọ́n ń dánra wò fún orin Kérésìmesì. Tẹ́nọ̀ ń fà á, báàsì ń gbè é, olùdarí orin sì ń fi bírò kan tábìlì pé kí gbogbo wọn tún un mú látòkè.

Ẹ wá fi etí sí ọ̀rọ̀ inú orin náà dáadáa. Ẹnu àwọn akọrin ń pe ọ̀run, ibi tí Ọlọ́run wà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ohun tí etí ń gbọ́ ni ọrùn, èyí tí orí dúró lé. Kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín, torí ó ti mọ́ kálukú lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń da àwọn olórin kan láàmú l'Ékòó. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí orin bẹ́ẹ̀ ni Ayọ̀ Bánkọ́lé. Ó mọ dùùrù tẹ̀, ó ń kọ orin sílẹ̀, ó tún jẹ́ olùkọ́. Ọdún 41 péré ló lò láyé. Ọ̀pọ̀ akọrin lónìí ò mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ṣe kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n.

Dò, re, mí: ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀

Gbogbo ẹni tó ka Yorùbá ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ̀ pé ohùn mẹ́ta ni èdè náà ní, tí olùkọ́ sì ń fi dò, re, mí kọ́ wọn. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, re-re ni. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, re-mí ni. Ọkọ̀ tó ń ná Ìkòròdú sí Kẹtu, re-dò ni. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀run, dò-re ni: ó ń gòkè. Ọrùn, re-dò ni: ó ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọdún 1840 sí 1850, wọ́n mú ìwé orin wọn dání. Nígbà tó yá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ohùn orin fúnra rẹ̀. Ohùn tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ọ̀rọ̀ Jámánì ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ gòkè, orin ń fà á wálẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀, orin ń gbé e sókè. Bí ọ̀run ṣe di ọrùn nìyẹn. Ọlọ́run mọ ohun tí wọ́n ń wí, àmọ́ àlejò tó bá gbọ́ Yorùbá, tó wá kan ilé ìjọsìn lọ́nà, á ní láti ronú kó tó mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fẹ́ gbọ́ bó ṣe yẹ kó rí kò ní láti rìn jìnnà. Ẹ̀pẹ́ ni Ligali Mukaiba, olórin àpàlà, ti wá. Salawa Abeni náà wà níbẹ̀, ẹni tó gbé orin wákà dé òkè òkun. Ta ló gbọ́ orin wọn tó ń béèrè pé kí ni wọ́n wí? Ibi tí ọ̀rọ̀ bá gbà ni orin wọn ń gbà. Onígángan pàápàá kò ní ẹnu tó fi ń pe ọ̀rọ̀, ohùn nìkan ló ní, síbẹ̀ tó bá ki èèyàn, onítọ̀hún á mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì.

Ṣé orin tí wọ́n kọ sílẹ̀ nínú ìwé, tí ohùn mẹ́rin ń kọ pọ̀, tí dùùrù ń gbè, ṣé òun náà lè bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Yorùbá báyẹn? Ó le ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Bí sopíránò bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, áátò, tẹ́nọ̀ àti báàsì ń kọ́? Tí gbogbo wọn bá ń gòkè pọ̀, tí wọ́n ń sọ̀ pọ̀, adùn tó wà nínú ohùn mẹ́rin máa dín kù. Tí kálukú bá sì gba ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ á fọ́ sí wẹ́wẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ fara balẹ̀ kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips. Ó kàwé orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1911 sí 1914. Nígbà tó dé, ó di atẹdùùrù àti olùdarí akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí di 1962. Ìwé rẹ̀, *Yoruba Music*, jáde ní 1953. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ló yẹ kó máa darí orin Yorùbá.

Ọmọ ilé dùùrù

Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, ọdún 1935, ni wọ́n bí Ayọ̀ Bánkọ́lé ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀, Theophilus Abíọ́dún Bánkọ́lé, ló ń tẹ dùùrù tó sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì St Luke's ti Áńgílíkà ní ìlú náà. Ìyá rẹ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ lórin ní Queen's School, Ẹdẹ, fún ọdún bíi mélòó kan. Torí náà, kó tó mọ ABD, etí rẹ̀ ti kún fún orin.

Ní 1941, ọmọ náà kó wá sí Èkó, sọ́dọ̀ bàbá ìyá tàbí bàbá bàbá gẹ́gẹ́ bí àṣà ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń fi sọ́dọ̀ àgbà. Ilé bàbá àgbà rẹ̀ tó ń jẹ́ Akinjẹ George ló wọ̀ sí. Bàbá yìí náà ló ń tẹ dùùrù ní First Baptist Church ní Broad Street. Ọmọ kúrò nídìí dùùrù kan, ó bọ́ sídìí òmíràn. Ní 1945, ó wọ ilé-ìwé Baptist Academy. Lẹ́yìn náà, ó tún bọ́ sọ́wọ́ Ẹkúndayọ̀ Phillips ní Cathedral, ẹni tó kọ́ ọ ní dùùrù.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe so mọ́ra. Ẹni tó ní etí tó ń gbọ́ pé orin ìjọsìn ń yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po, ọ̀dọ̀ ẹni náà gan-an ni ọmọ yìí ti kọ́ṣẹ́.

Nídìí rédíò

Ilé-iṣẹ́ rédíò ni Bánkọ́lé ti kọ́kọ́ gba owó oṣù. Ní 1954, ó wọ ilé-iṣẹ́ ìròyìn ìjọba, Nigerian Broadcasting Service, èyí tó di Nigerian Broadcasting Corporation ní 1957. Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n gbà á sí. Àmọ́ ibẹ̀ náà ni Fẹlá Ṣówándé wà.

Kí àwọn ọ̀dọ́ má baà ṣì í mú: Fẹlá Ṣówándé yàtọ̀ sí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Wọ́n bí Ṣówándé ní 1905. Ó gbé Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń tẹ dùùrù, ó sì kọ *African Suite* ní 1944 fún àwọn tó ń ta gòjé ńlá àti kékeré. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ó kọ *Folk Symphony* láti fi sàmì sí i. Ìdí orin ní ilé-iṣẹ́ rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí Bánkọ́lé débẹ̀. Fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ọ̀sán kọ fáìlì, tó ń fi alẹ́ ronú orin, bí ẹni bá ọ̀gá pàdé lójú ọ̀nà ni.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọwọ́ Bánkọ́lé kò dilẹ̀. Ó ti ń kọ sònátà fún píánò. Sònátà kejì rẹ̀, èyí tó pè ní *The Passion*, dá lórí ìjìyà Jésù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín 1956 sí 1959.

Lọ́ńdọ̀nù, Cambridge àti Amẹ́ríkà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1957, ìjọba àpapọ̀ fún un ní owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì lọ sí Guildhall School of Music and Drama ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1961, ó wọ Clare College ní Cambridge. Ipò tó wọ̀ ni ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ dùùrù fún ṣọ́ọ̀ṣì ilé-ẹ̀kọ́ náà, ipò tí wọ́n máa ń díje dù ni. Ó tún gba FRCO, ìwé ẹ̀rí tí kò sí èyí tó jù ú lọ fún atẹdùùrù ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1964, ó kọjá sí Yunifásítì California ní Los Angeles pẹ̀lú ìrànwọ́ Rockefeller Foundation. Ẹ̀kọ́ nípa orin oríṣiríṣi ẹ̀yà àgbáyé ló lọ kọ́ níbẹ̀.

Àwọn orin tó kọ nígbà yẹn fi han pé ẹsẹ̀ kan wà níbí, ẹsẹ̀ kan wà lọ́hùn-ún. Ó kọ *Toccata and Fugue* fún dùùrù ní 1960. Ó kọ sònátà kan fún píánò ní 1961 tó pè ní *English Winterbirds*, torí àwọn ẹyẹ ìgbà òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ní 1959, nínú Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà, ó kọ *Three Yoruba Songs* fún ohùn ọkùnrin àti píánò. Kó tó di ìgbà yẹn, ní 1958, ó ti kọ kàǹtátà kan lédè Yorùbá, *Bàbá ṣe wá l'ọ́mọ rere*.

Kí ni fúùgù gan-an?

Ó yẹ kí ẹni tí kò kàwé orin mọ ohun tí Bánkọ́lé lọ kọ́. Ẹ mú un bí ẹni pé èèyàn mẹ́rin jókòó. Ẹni àkọ́kọ́ dá orin kúkúrú kan. Bó ṣe parí rẹ̀, ẹnì kejì gbé orin yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ní ohùn tó ga jù tàbí tó sọ̀ jù. Ẹni àkọ́kọ́ kò dákẹ́, ó ń bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kẹta dé, ó tún gbé orin àkọ́kọ́, ẹnì kẹrin náà dé. Gbogbo wọn ń lé ara wọn kiri, kò sí ẹni tó ń gbè fún ẹnì kan, síbẹ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ kọlu ara wọn. Òun ni fúùgù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ní láti máa gbọ́ ọ̀nà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà lórí.

Ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n jù láyé ni Johann Sebastian Bach, ọmọ Jámánì, tí wọ́n bí ní 1685. Láti 1723 títí tó fi kú ní 1750, ìlú Leipzig ló wà, níbi tó ti ń darí orin ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lórin. Kàǹtátà ló ń kọ fún ìsìn ọjọ́ ìsinmi: orin gígùn tí akọrin, adákọrin àti àwọn ohun èlò jọ ń ṣe.

Lẹ́yìn ikú Bach, orin ilẹ̀ Yúróòpù ń tóbi sí i. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, àwọn olórin ń lo ohun èlò tó lé ní ọgọ́rùn-ún, orin wọn kún fún ẹkún àti ìbínú. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn kan ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n padà sí fúùgù, tòkátà àti àwọn ètò àtijọ́ tó mọ́, tí kò ní ọ̀rá púpọ̀, wọ́n sì wọ ọ́ ní aṣọ ìgbà tiwọn.

Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ Jámánì kan, Paul Hindemith. Ìlú Hanau ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ní 1927, ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga orin ní Berlin. Ohun tó máa ń sọ ni pé kí olórin yéé kọ orin fún ara rẹ̀ nìkan, kó kọ ọ́ fún àwọn tó máa lò ó, títí kan àwọn tí kì í ṣe ọ̀gá. Ní 1930, ó kọ eré orin kan fún àwọn ọmọdé nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìlú. Láti 1935, ìjọba Tọ́kì pè é kó wá bá wọn to ẹ̀kọ́ orin wọn. Ní 1936, ìjọba Hitler fòfin de orin rẹ̀. Ó sá kúrò nílé, ó dé Amẹ́ríkà ní 1940, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Yale títí di 1953. Nígbà tó wà níbẹ̀ ló kọ *Ludus Tonalis*, fúùgù 12 fún píánò.

Àwọn méjèèjì yìí, Hindemith àti Bánkọ́lé, kì í ṣe ọmọ ìlú kan náà, ìgbà wọn ò sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun méjì papọ̀ nínú ìgbé ayé wọn. Àwọn méjèèjì mú ètò orin àtijọ́, wọ́n fi sọ̀rọ̀ ìgbà tiwọn. Àwọn méjèèjì sì gbà pé ẹni tó mọ orin kọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí tí kò bá kọ́ ẹlòmíràn.

Ó padà wálé

Ní 1966, Bánkọ́lé padà sí Nàìjíríà. Ọdún yẹn kì í ṣe ọdún tí ara rọ̀: ìjọba yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ṣọ́jà, ogun abẹ́lé sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí bíi tirẹ̀ lè dúró sókè òkun. Ilé-iṣẹ́ rédíò NBC ló padà sí, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ bí akọ̀wé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó di àgbà nínú àwọn tó ń ṣètò orin.

Ní 1969, ó kọ *Àdúrà fún Àlàáfíà*. Ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Oṣù Kìíní ọdún 1970 ló parí. Ní 1969 kan náà, Yunifásítì Èkó gbà á gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ orin.

Iṣẹ́ yunifásítì kò gba gbogbo ọjọ́ rẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà l'Ékòó jọ, ó dá ẹgbẹ́ akọrin kan sílẹ̀ fún wọn, ó pè é ní Choir of Angels. Ó dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ní yunifásítì, ó tún dá Choir of Eko sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: ọkùnrin tó tẹ dùùrù ní Cambridge, tó mọ fúùgù kọ, òun ló ń dúró níwájú àwọn ọmọbìnrin tó wọ aṣọ ilé-ìwé, tó ń sọ fún wọn pé ẹ yanu, ẹ pe ọ̀rọ̀ yẹn kó dún.

Àwọn orin tó kọ lẹ́yìn tó dé fi bí èrò rẹ̀ ṣe ń yí padà hàn. Nínú *Night of Miracles* (1969) àti *Ọ̀nà Ará* (1970), ohùn adákọrin àti ti akọrin wà níbẹ̀, àmọ́ ìlù àti ohun èlò ilẹ̀ wa wà pẹ̀lú wọn. Nínú *Ọ̀nà Ará*, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì àti ohun èlò Yorùbá jọ wà nínú orin kan ṣoṣo. Lónìí, tí àgbá, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà nínú ìsìn káàkiri, ó lè dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì míṣọ́nnárì kò jẹ́ kí ìlù wọlé rárá. Wọ́n ní ti abọ̀rìṣà ni. Gbígbé ìlù kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, kí wọ́n kọ ipa rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé orin bí ti dùùrù, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Kò dá nìkan wà lójú ọ̀nà yìí. Akin Euba, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1935 bíi tirẹ̀, ń wá ọ̀nà tí píánò á fi máa dún bí ìlù Áfíríkà. Euba pẹ́ láyé, ó dé Bayreuth ní Jámánì, ó ṣiṣẹ́ ní Iwalewa-Haus, ó kọ ìwé ńlá kan lórí ìlù dùndún tó jáde níbẹ̀ ní 1990, ó sì kọ́ni ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2020 ló tó kú. Ọdún tí Euba fi ju Bánkọ́lé lọ láyé lé ní 40. Ìgbà téèyàn bá fi ìyẹn wò ó ni á mọ ohun tí ikú mú lọ.

Oṣù Kọkànlá, 1976

Èkó ń múra FESTAC sílẹ̀ nígbà náà, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ìran aláwọ̀ dúdú láyé máa wá. Bánkọ́lé ti kọ kàǹtátà kẹrin rẹ̀ ní 1974, ó sì fún un ní orúkọ àjọ̀dún náà: *Festac*. Akọrin, dùùrù, fèrè àti ohun èlò ìbílẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tó ti kọ́ láti Jọ́ọ̀sì dé Los Angeles, ó kó o síbẹ̀.

Wọ́n sún àjọ̀dún náà síwájú. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá, ọdún 1976, wọ́n pa Ayọ̀ Bánkọ́lé àti ìyàwó rẹ̀. FESTAC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 1977. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín.

Púpọ̀ nínú orin tó fi sílẹ̀ ló jẹ́ èyí tó fi ọwọ́ kọ, tí wọn kò tíì tẹ̀ jáde nígbà tó kú. Orin tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sórí bébà kò yàtọ̀ sí irúgbìn inú igò. Tí kò bá sí ẹni tó lè kà á, tó sì lè kọ́ ọmọ mìíràn láti kà á, ibẹ̀ náà ló máa gbẹ sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tó kọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ìwé lè sọnù, àmọ́ ẹni tó bá ti kọ orin náà rí lè rántí rẹ̀.

Kí ló kan ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́?

Ó kàn wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní ni ti olùdarí akọrin. Kó tó gbé orin tuntun fún ẹgbẹ́ rẹ̀, kó kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ orin náà sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kó fi dò, re, mí sí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kó wo ohùn orin. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè, ṣé orin náà ń gòkè, tàbí ó kéré tán, ṣé kò sọ̀? Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ bára mu. Bánkọ́lé àti Phillips pàápàá mọ̀ pé orin gbọ́dọ̀ ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé ìtumọ̀ orin dání, irú bí ọ̀run, òun ni kò gbọ́dọ̀ ṣìnà. Ìdánwò yìí kò náni ní kọ́bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń gbà.

Èkejì ni ti òbí. Kíbọ́ọ̀dù pọ̀ nílé ìjọsìn báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń fi etí kọ́ ọ. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí etí ni àwọn onílù wa fi kọ́ iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá tún mọ orin kà nínú ìwé lè ṣí iṣẹ́ Bánkọ́lé, ti Ṣówándé tàbí ti Bach fúnra rẹ̀, láìdúró de ẹni tó máa kọ ọ́ fún un gbọ́. Ìmọ̀ yẹn ni ilé Akinjẹ George fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò sí owó ńlá nídìí rẹ̀. Àgbà kan ló jókòó ti ọmọ kan nídìí dùùrù.

Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ní Noforija, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń di olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Láti 2022, ara Lagos State University of Education ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́. Olùkọ́ tó ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní àmì ohùn ti mú ìdajì ẹ̀kọ́ orin dání láìmọ̀. Tó bá ní kí àwọn ọmọ kọ gbólóhùn kan sójú pátákó, kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n wá kọ ọ́ lórin bí àmì náà ṣe wí, ó ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá, ó sì ti ń kọ́ wọn ní orin kíkọ. Ohun tí Phillips fi ìwé ṣàlàyé, tí Bánkọ́lé fi akọrin ṣe, kò jìnnà síyẹn.

Bí oṣù Kejìlá bá tún dé, tí bírò olùdarí sì ń kan tábìlì n'Ígbógbó tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ lè na ọwọ́ sókè pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀run la fẹ́ pè níbí, kì í ṣe ọrùn." Tí ọ̀gá náà bá dá orin dúró, tó ní òótọ́ ni, kí wọ́n wá bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe, a jẹ́ pé iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bánkọ́lé ń ṣe kò tíì dúró.